Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: bírékà àgbà 150 ámpù, ṣé ó lè gbé ṣájà mọ́tò iná?

Dọlápọ̀Katy

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gba mọ́tò iná, Katy la ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston níbí, ilé wa kì í ṣe tuntun, láàárín 1990 sí 2000 ni wọ́n kọ́ ọ. Ní báyìí ihò iná lásán tó wà ní gáréèjì la ń ki wáyà tó bá mọ́tò wá bọ̀, oní 120 fólítì yẹn, á wà níbẹ̀ mọ́jú, tílẹ̀ bá fi mọ́ ohun tó máa gbà ò ju bíi máìlì 40 lọ, tí madam bá wá lọ síbi iṣẹ́ tó tún yà sí ṣọ́ọ̀ṣì lálẹ́, wàhálà dé nìyẹn. Torí ẹ̀ la ṣe fẹ́ ṣe oní 240 sí gáréèjì.

Mo pe oníṣẹ́ iná kan. Ó ṣí pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àpótí tí gbogbo bírékà ilé wà, ó wò ó fìrí, ó ní kò lè gbé e, àfi ká yọ gbogbo ẹ̀ dànù ká fi oní 200 ámpù síbẹ̀. $4,800 ló kọ fún mi, ṣájà fúnra ẹ̀ ò sí nínú ẹ̀ o. Nígbà tó lọ tán èmi náà lọ wò ó, mo rí i pé àyè bírékà méjì ṣófo nísàlẹ̀, bírékà àgbà tó wà lókè ló kọ 150 sára. Ṣé òótọ́ lọkùnrin yìí ń sọ àbí ó ti fẹ́ fi owó mi ra ilẹ̀ ní Lekki? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ.

BàbáWáyà_Dallas

Àbúrò, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́ ló ń sọ, ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ò béèrè ohun tẹ́ ẹ fi ń se oúnjẹ, tí ò béèrè bí ilé ṣe tóbi tó, tí ò wo ara AC, kò tíì ṣe ìṣirò kankan, ojú lásán ló fi díwọ̀n ẹ̀. Iṣẹ́ yìí lèmi náà fi ń jẹun, mo mọ̀ pé owó tó wà nídìí ká pààrọ̀ pánẹ́ẹ̀lì ju owó tó wà nídìí ṣájà lọ, ẹ fìyẹn sọ́kàn.

Àyè tó ṣófo yẹn, ẹ gbàgbé ẹ̀. Àyè lè wà nínú mọ́lúẹ̀ fún èèyàn 10 sí i kí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ má lè gun afárá. Ibi tí wọ́n á ki bírékà bọ̀ lásán nìyẹn, kò sọ nǹkankan nípa agbára. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ má ṣe ro nọ́ńbà ara àwọn bírékà kéékèèké pọ̀, torí tẹ́ ẹ bá rò ó pọ̀ ẹ lè rí 300 tàbí 400 nínú pánẹ́ẹ̀lì 150, ẹ̀rù á wá máa bà yín lásán, wọn kì í sáà ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ fún mi ní nǹkan wọ̀nyí: ilé yín tó square feet mélòó? Sítóòfù, dráyà, hítà omi, ti gáàsì ni àbí ti iná? Ẹ lọ sídìí AC tó wà níta, ìwé pẹlẹbẹ kan wà lára ẹ̀, ẹ ka nọ́ńbà ámpù ibẹ̀ fún mi. Ilé gbígbóná ńkọ́, gáàsì àbí iná? Ẹ tún ka ìwé tó wà lára ilẹ̀kùn pánẹ́ẹ̀lì, ó máa kọ iye ámpù tí pánẹ́ẹ̀lì fúnra ẹ̀ lè gbà, ìyẹn yàtọ̀ sí ti bírékà àgbà, èyí tó bá kéré nínú méjèèjì la máa bá lọ. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: madam ń wa máìlì mélòó lójúmọ́?

Ẹ má tú ìdérí irin inú yẹn o. Ilẹ̀kùn nìkan ni kẹ́ ẹ ṣí. Kódà tẹ́ ẹ bá pa bírékà àgbà, àwọn wáyà ńlá tó ti ìta wọlé ṣì ní iná lára.

Dọlápọ̀Katy

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n. 2,200 square feet. Sítóòfù ti iná ni, dráyà ti iná, hítà omi gáàsì, ilé gbígbóná náà gáàsì. Ẹ̀rọ ìfọbọ́ wà, máíkírówéèfù wà, èyí tó ń lọ ìdọ̀tí oúnjẹ nínú síńkì wà. AC ẹyọ kan ni, bíi 20 ámpù ni mo rí lára ẹ̀. Ara ilẹ̀kùn pánẹ́ẹ̀lì kọ 200, bírékà àgbà ló kọ 150. Madam ń wa bíi máìlì 50, ọjọ́ tó bá pọ̀ gan-an 70.

LékanATL

Bọ̀ọ̀dá mi ẹ fi ṣájà oní 48 ámpù síbẹ̀ kẹ́ ẹ sinmi jàre! Èmi ti mò ń wa Uber ní Atlanta, 48 ni mo ní, kí lèèyàn ń fi ṣájà kékeré ṣe, ẹ ti ra mọ́tò olówó ńlá tán ẹ wá ń ṣahun sí wáyà.

BàbáWáyà_Dallas

Lékan, 200 ámpù ló wà nílé tìẹ, hítà ẹ, sítóòfù ẹ, gáàsì ni gbogbo ẹ̀, o sọ ọ́ níbí nígbà kan. Jẹ́ ká ṣe ìṣirò ná.

Dọlápọ̀, ẹ wá bí a ṣe ń ṣe é. Ìwé òfin iná Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní NEC ní ọ̀nà kan fún ilé gbígbé, apá 220.82 ló wà nínú ẹ̀dà 2023. A máa kọ́kọ́ gba wáàtì 3 fún square feet kọ̀ọ̀kan, 2,200 lọ́nà 3 jẹ́ 6,600, ìyẹn iná gílóòbù àti àwọn ihò iná inú yàrá. Ihò iná kíṣìnì, wáyà méjì ló kéré jù, 1,500 lọ́kọ̀ọ̀kan, ti ibi ìfọṣọ 1,500, àpapọ̀ 4,500. Sítóòfù, ẹ jẹ́ ká fún un ní 12,000, dráyà 5,000, ìfọbọ́ 1,200, máíkírówéèfù 1,500, èyí tó wà nínú síńkì 700. Tá a bá rò gbogbo ẹ̀ pọ̀, 31,500.

Ibi tó wá dùn nìyí. Òfin mọ̀ pé èèyàn ò lè máa dáná kó máa fọṣọ kó máa lọ ìdọ̀tí kó tan gbogbo gílóòbù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà 10,000 àkọ́kọ́ la máa kà pé pérépéré, ìyókù, ìdá 40 nínú 100 péré la máa mú. 21,500 tó kù wá di 8,600, àpapọ̀ 18,600. AC nìkan la ò gbọdọ̀ gé rárá, torí ní Texas níbí, ní August, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án ló ń ṣiṣẹ́ lóru: 20 ámpù lọ́nà 240 jẹ́ 4,800, fáànù inú ẹ̀ bíi 700, ìyẹn 5,500. Àpapọ̀ ilé yín láìsí mọ́tò, 24,100. Ẹ fi 240 pín in, bíi 100 ámpù.

Ó ku 50 fún yín nínú 150.

Ṣájà wá ńkọ́? Òfin ka ṣájà mọ́tò sí lóòdù tí kì í sinmi, èyí tó lè wà lórí wáyà fún wákàtí 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹ̀ la ṣe máa ń fi ìdá 25 nínú 100 lé e. Ṣájà tó ń fa 32 ámpù, bírékà 40. Tó ń fa 40, bírékà 50. Tó ń fa 48, bírékà 60. Nítorí náà 100 pẹ̀lú 40 jẹ́ 140, ó wọlé. 100 pẹ̀lú 60 jẹ́ 160, kò wọlé. Oní 50 gan-an dé etí 150 gééré, ìyẹn, èmi ò ní gbà á tó bá jẹ́ ilé mi.

Nítorí náà oníṣẹ́ iná tó sọ pé pánẹ́ẹ̀lì yín ò lè gbé e, bóyá 48 ló wà lọ́kàn ẹ̀ tó fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Kò sì bi yín bóyá 48 lẹ ń fẹ́.

ÌyáÌbejì_Bowie

Ẹ kú àlàyé sà. Ẹ jẹ́ kí n fi ti Maryland kún un torí ilé tèmi le ju tiyín lọ. 100 ámpù péré ni pánẹ́ẹ̀lì wa, ilé alápapọ̀ tí wọ́n so mọ́ra wọn, kò sí gáàsì rárá, sítóòfù iná, dráyà iná, hítà omi iná, ilé gbígbóná náà heat pump, ìyẹn ẹ̀rọ bíi AC tó tún ń mú ilé gbóná. Ẹ̀yin ará Texas, AC lẹ̀ ń bẹ̀rù, àwa níbí òtútù January ni, torí heat pump yẹn tó bá ti tutù gan-an ó ní irin kan nínú tó máa ń gbóná bíi ti tóósítà, tiwa 10 kílówáàtì, ìyẹn nìkan ju 40 ámpù lọ! Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, nínú ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n bá ka bílì wọ́n á ní iná ò pọ̀, tí wọ́n bá wá lọ fi ṣájà síbẹ̀ ní June, kí January dé bírékà àgbà á bẹ̀rẹ̀ sí í já lóru, gbogbo ilé á ṣókùnkùn, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ ẹkún.

Ohun tí wọ́n ṣe fún wa ni pé wọ́n fi òrùka méjì há àwọn wáyà ńlá tó wọ pánẹ́ẹ̀lì, òrùka yẹn ló ń ka iye iná tí gbogbo ilé ń fà, ó ń sọ fún ṣájà. Tí mo bá tan sítóòfù, ṣájà á rẹra ẹ̀ sílẹ̀, tí mo bá tan dráyà mọ́ ọn, á dúró pátápátá, tá a bá ti sùn gbogbo ẹ̀ á padà ṣe dáadáa. Ìnsípẹ́kítọ̀ kaunti wá wò ó, ó gbà á. A ò pààrọ̀ pánẹ́ẹ̀lì, ọkọ mi lọ fi owó yẹn san ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ má sì fojú di ṣájà kékeré. Kí wọ́n tó ṣe èyí fún wa, bírékà 20 la fẹ́ lò, tó ń fa 16 ámpù. Ẹ ṣírò ẹ̀: 16 lọ́nà 240, bíi 3.8 kílówáàtì. Láti aago 9 alẹ́ sí aago 7 àárọ̀, wákàtí 10, yúnìtì 38 nìyẹn. Mọ́tò tó bá ń rin máìlì 3 lórí yúnìtì kan, máìlì 110 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló máa fi ilẹ̀ mọ́. Taa ló ń wa máìlì 110 lójúmọ́?

LékanATL

Èmi 😂

ÌyáÌbejì_Bowie

Ìwọ yàtọ̀, ìwọ ń jẹun lára títì.

BàbáWáyà_Dallas

Iyá Ìbejì ti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ o, ohun tí òfin sọ nípa ètò bíi tiwọn yẹn ni pé, tí ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso lóòdù bá wà, iye tí ẹ̀rọ náà dá ṣájà dúró sí la máa kà, a ò ní ka iye tí ṣájà ì bá fà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gidi tó ní àmì ìdánwò UL lára ni o, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ wọ inú app lọ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fúnra yín kẹ́ ẹ wá sọ fún ìnsípẹ́kítọ̀ pé ẹ ti dín in kù. Ohun tí ọmọ yín lè fọwọ́ tẹ̀ lórí fóònù kó padà sí 48, kò lè gbà á.

Lékan pàápàá, 32 tó o ń rẹ́rìn-ín yẹn, 7.7 kílówáàtì ni. Wákàtí 8 lo sùn, yúnìtì 61. Máìlì 180 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń wa Uber pàápàá, ó tó o.

Dọlápọ̀Katy

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń gbọ́ mi, mo lọ wo nǹkan kan lálẹ́ àná. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ sọ fún mi nípa wẹ́ẹ̀bù Smart Meter Texas, mo fi nọ́ńbà ESI ID tó wà lórí bílì forúkọ sílẹ̀, gbogbo iná tá a lò látọdún tó kọjá wà níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15-15! Mo wá èyí tó ga jù lọ, ọjọ́ Àìkú kan ni ní August, bíi aago 6 ìrọ̀lẹ́, a ní àlejò lọ́jọ́ náà, AC ń ṣiṣẹ́, sítóòfù ń ṣiṣẹ́, dráyà náà. 2.1 yúnìtì ló kọ fún ìṣẹ́jú 15 yẹn. Kí ni mo máa fi ṣe báyìí?

BàbáWáyà_Dallas

Áà! Ẹ ti rí ohun tó dáa ju ìṣirò mi lọ nìyẹn. Ìṣẹ́jú 15 mẹ́rin ló wà nínú wákàtí, 2.1 lọ́nà 4 jẹ́ 8.4 kílówáàtì. Ẹ fi 240 pín 8,400, 35 ámpù. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ lo iná jù lọ láàárín ọdún kan, 35 ámpù lẹ lò nínú 150.

NEC gba èyí náà, apá 220.87 nínú ẹ̀dà kan náà: tẹ́ ẹ bá ní àkọsílẹ̀ ọdún kan gbáko, ẹ mú èyí tó ga jù, ẹ fi ìdá 25 nínú 100 lé e, ẹ wá fi lóòdù tuntun kún un. 35 á di bíi 44. Pẹ̀lú bírékà 40 jẹ́ 84. Kódà pẹ̀lú 60, 104. Ibi tí kò bá ti sí àkọsílẹ̀ ọdún kan, òfin ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ há wáyà fún ọjọ́ 30 kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì jẹ́ àsìkò tí AC tàbí ohun tó ń mú ilé gbóná ń ṣiṣẹ́ gan-an.

Ẹ rí i báyìí, ọ̀nà kan ní 48 ò wọlé, ọ̀nà kejì ní ó wọlé dáadáa, méjèèjì sì wà nínú òfin. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ń ro ohun tí ilé bíi tiyín lè fà, ẹni yòówù kó máa gbé inú ẹ̀. Ọ̀nà kejì ń wo ohun tí ẹ̀yin fúnra yín fà. Tẹ́ ẹ bá ta ilé lọ́la tí ẹlòmíì kó hítà omi iná wọlé, àkọsílẹ̀ yín ò wúlò fún un mọ́. Torí ìyẹn, èmi á bá 32 lọ. Madam ò ju máìlì 70 lọ, wákàtí 3 sí 4 ó ti kún ohun tó lò lójúmọ́. Kí lẹ máa fi ìyókù òru ṣe?

Kó má di pé mo ń dá sí i jù, ẹ pe ọ́fíìsì pámíìtì ní kaunti tàbí ìlú yín kẹ́ ẹ bi wọ́n èwo ni wọ́n ń gbà.

Títílọlá_Kent

Mo ń kà á láti England níbí, inú mi ń dùn. Ẹ̀yin ará UK tó bá ń kà á, ẹ má lọ máa wá 200 ámpù kiri o, tiwa yàtọ̀. Fíúsì ńlá tó wà nídìí mítà la ń wò, nínú ilé àtijọ́ ó lè jẹ́ 60, àwọn mìíì 80, àwọn mìíì 100. 230 fólítì la ń lò, ṣájà ilé tó wọ́pọ̀ 32 ámpù, 7.4 kílówáàtì. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ níbí ni ṣáwà oníná! 9.5 kílówáàtì, ẹyọ ṣáwà kan ń fa bíi 41 ámpù. Ká ní fíúsì 60 ló wà, ẹnì kan wà nínú ṣáwà, mọ́tò ń gba iná, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ẹ̀.

Fíúsì yẹn ní èdìdì lára, ti ilé iṣẹ́ tó ni wáyà àdúgbò ni, lápá ọ̀dọ̀ wa UK Power Networks, oníṣẹ́ iná yín gan-an ò gbọdọ̀ já a. Òun ló máa kọ̀wé sí wọn. Tẹ́ ẹ bá sì wà nínú ilé tí wọ́n ṣe mọ́ra, ẹ ní kó wò ó bóyá wáyà kan náà ni wọ́n fa gba ilé yín kọjá sí ilé aládùúgbò, looped ni wọ́n ń pè é. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin àti aládùúgbò lẹ jọ ń pín wáyà kan ṣoṣo tó ti ojú títì wá, wọ́n gbọ́dọ̀ yà á kí ṣájà tó wọlé. Ó lè pẹ́ díẹ̀.

Sẹ́gunMagodo

Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ gbádùn ara yín. Èmi ra Nissan Leaf, mọ́tò iná tókunbọ̀, láti Amẹ́ríkà, Magodo ni mo wà, mítà prepaid, féèsì kan, 60 ámpù. Ṣájà kékeré tó bá mọ́tò wá, mo ki í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, iná pupa ló tàn. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi ní Ikeja, ó ṣiṣẹ́. Ilé mi, kò ṣiṣẹ́. Mo tan jẹ́ń, kò ṣiṣẹ́. Oníṣẹ́ iná àdúgbò ní kí n jẹ́ kí òun lẹ ẹ́ẹ̀tì mọ́ níútírà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì pé á tàn. Ṣé kí n gbà?

BàbáWáyà_Dallas

Ẹ MÁ GBÀ O! Sẹ́gun, ẹ lé e kúrò nídìí sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn. Ṣájà yẹn ò bàjẹ́, ó ń wá ẹ́ẹ̀tì ni, kò sì rí i. Kó tó jẹ́ kí iná wọ mọ́tò ó máa ń kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ́ẹ̀tì wà, torí ara mọ́tò jẹ́ irin, tí iná bá jó sára ẹ̀ tí ẹ́ẹ̀tì ò sí, ẹni tó bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn nínú òjò ló máa gbà á. Tó bá lẹ ẹ́ẹ̀tì mọ́ níútírà, iná pupa á lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí níútírà bá já lórí òpó, gbogbo ara mọ́tò á ní iná. Jẹ́ńrétọ̀ ń ṣe bákan náà torí níútírà ẹ̀ kò so mọ́ ilẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ri irin ẹ́ẹ̀tì gidi mọ́lẹ̀, kí wọ́n fa wáyà ẹ̀ wá sí pánẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó, wáyà aláwọ̀ ewé wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì lóòótọ́ àmọ́ tẹ́ ẹ bá tọ̀ ọ́ lọ, kò dé ibì kankan.

Sẹ́gunMagodo

Ẹ̀rù bà mí o. Ẹ ṣé sà. Ìbéèrè kan sí i: féèsì wa máa ń lọ sílẹ̀ lálẹ́, 170, 165 fólítì, gbogbo ará ilé á sì jáde wá yí féèsì, tí gbogbo wa bá jọ yí i sí ibì kan náà, òun náà á tún lọ sílẹ̀. Band A la wà, a ń san ohun tó lé ní ₦200 lórí yúnìtì kan, síbẹ̀ síbẹ̀.

BàbáWáyà_Dallas

Níbẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì yín kọ́ ni ìṣòro, wáyà àdúgbò àti tìrànsífọ́mà ni. Tẹ́ ẹ bá fa 32 ámpù lórí féèsì tó ti rẹ̀, ẹ máa tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni, fíríìjì ará ilé yín ló máa jìyà ẹ̀. Ẹ dín in kù sí 10 tàbí 13, kẹ́ ẹ sì máa gbà á lẹ́yìn aago 12 òru tí àwọn èèyàn bá ti pa AC. Kó má wà lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán fún wákàtí 8, ẹ ní kí wọ́n fa wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀ láti pánẹ́ẹ̀lì wá, 4mm tàbí 6mm, pẹ̀lú bírékà tiẹ̀. Ẹ má sì gbé e sórí ínfátà.

Dọlápọ̀Katy

Mo ti pe oníṣẹ́ iná mìíì, mo wo láísẹ́ǹsì ẹ̀ lórí wẹ́ẹ̀bù TDLR, àjọ tó ń fún oníṣẹ́ iná ní láísẹ́ǹsì ní Texas, kó tó wá. Òun náà ṣe ìṣirò níwájú mi lórí tábìlì kíṣìnì, 32 ámpù lòun náà sọ. Owó tó kọ kò tó ìdá mẹ́rin ti ẹni àkọ́kọ́. Ó wá bi mí bóyá mo fẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá 240 fólítì tí wọ́n ń pè ní 14-50, tí mo lè máa yọ ṣájà kúrò nínú ẹ̀, àbí kó so ó mọ́ ògiri tààrà. Èwo ló dáa?

LékanATL

So ó mọ́ ògiri. Èmi fi sọ́kẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ojú ẹ̀ yọ́.

BàbáWáyà_Dallas

Lékan ti sọ̀rọ̀ ọgbọ́n lónìí. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù fún sítóòfù, kò retí kí nǹkan wà lórí ẹ̀ lóru ojoojúmọ́ fún wákàtí 6. Síwájú sí i, òfin ní kí sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣájà mọ́tò ní GFCI, ìyẹn ohun tó máa ń já iná tí iná bá ń jò, ṣájà fúnra ẹ̀ sì ní tiẹ̀ nínú, àwọn méjèèjì lè máa já ara wọn láìnídìí. Tẹ́ ẹ bá so ó tààrà, ìṣòro méjì ti kúrò.

Ẹ bi í irú wáyà tó fẹ́ lò. Tó bá jẹ́ òkè àjà ló máa gbà kọjá, ooru òkè àjà Houston ní August kì í ṣe eré, ooru sì máa ń dín iye tí wáyà lè gbé kù. Bí nọ́ńbà wáyà bá ṣe kéré tó ló ṣe nípọn tó. Wáyà nọ́ńbà 8 tí wọ́n wé pọ̀ sínú rọ́bà kan, irú tí wọ́n ń fi ṣe inú ilé, 40 ámpù ló lè gbé ní tẹ́ńpẹ́réṣọ̀ tó dáa, lókè àjà yẹn ó máa há mọ́ ọn. Ẹ ní kó lo nọ́ńbà 6 bàbà, ìyàtọ̀ owó ẹ̀ kò pọ̀. Fún ẹni tó bá ń kà á tó fẹ́ bírékà 60, nọ́ńbà 6 irú yẹn kò tó, 55 ló lè gbé, àfi kó jẹ́ wáyà ẹyọ-ẹyọ tí wọ́n ń pè ní THHN nínú páìpù, tàbí nọ́ńbà 4.

ÌyáÌbejì_Bowie

Ẹ má gbàgbé owó orí o. Fún ṣájà tí wọ́n bá fi síbẹ̀ kí 30 June 2026 tó kọjá, ìjọba àpapọ̀ ń dá ìdá 30 nínú 100 owó ẹ̀ padà, kò ju $1,000 lọ, lórí fọ́ọ̀mù 8911. Àdúgbò yín gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kà sí i, kì í ṣe gbogbo ibi. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní July 2025 sì ti gé e kúrú, ohun tí wọ́n bá fi síbẹ̀ lẹ́yìn 30 June 2026 kò ní jẹ́ ẹ mọ́.

Dọlápọ̀Katy

Ìyẹn ṣe pàtàkì gan-an, mo dúpẹ́ àǹtí. Ẹ̀gbọ́n, ẹnì kan ní kí n wo orúkọ tó wà lára pánẹ́ẹ̀lì pé àwọn kan wà tí kò dáa.

BàbáWáyà_Dallas

Bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ Federal Pacific, èyí tó kọ Stab-Lok sára bírékà, tàbí Zinsco, ìṣirò tá a ṣe látàárọ̀ kò ní ìtumọ̀, torí bírékà wọn lè kọ̀ láti já nígbà tó yẹ kó já. Ìyẹn ni pánẹ́ẹ̀lì tí mo máa ní kẹ́ ẹ yọ kódà tẹ́ ẹ ò bá ní mọ́tò. Ilé tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn 1990 kì í sábà ní in, àmọ́ ẹ wò ó. Ẹ tún wò ó bóyá ìpẹtà tàbí àmì jíjóná wà nídìí bírékà kankan, tẹ́ ẹ bá ń gbóòórùn bíi ti rọ́bà tó ń jó, ẹ pe oníṣẹ́ iná lọ́jọ́ náà.

Dọlápọ̀Katy

Orúkọ mìíì ló wà níbẹ̀, kò sí ìpẹtà. Pámíìtì ti jáde, Thursday ni wọ́n ń bọ̀ wá ṣe é, nọ́ńbà 6 bàbà, bírékà 40, tààrà sára ògiri. Madam ti ń béèrè bóyá mọ́tò tèmi náà á di ti iná, ṣé ṣájà kejì lè wọlé?

BàbáWáyà_Dallas

Kì í ṣe bírékà kejì. Ẹ ra irú ṣájà tí méjì ẹ̀ lè jọ pín wáyà kan náà, tí ọ̀kan bá ń gba iná èkejì á dín kù, gbogbo ẹ̀ ò ní ju 32 yẹn lọ. Ẹ sọ fún oníṣẹ́ iná yín kó tó dé ní Thursday, torí ó sinmi lórí irú ṣájà tẹ́ ẹ bá rà báyìí, oríṣi kan náà ni méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́.